Ọ̀gá Tí Màmá Ń Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
4 Oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Màmá mi àtàtà,

Àsàlámù aláékúmù o. Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ara wa le, a dúpẹ́. Waliyat ti ń di àga mú dìde. Eyín òkè rẹ̀ méjèèjì ti yọ, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi dánra wò: ó bu èjìká rẹ̀ jẹ bí ẹni bu àkàrà.

Ẹ má rò pé mo ya òmùgọ̀ tí mò ń kọ ìwé láyé fóònù. Ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Bí mo bá ní kí n pè yín, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi á ti ní, "Gbé e fún mi kí n kí wọn," àwọn ìyàwó ilé á sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn omi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti gbogbo ilé. Hájíà aláṣọ ní Oríta-mẹ́rin ń lọ ra ọjà ní Brussels, òun ni mo ní kó bá mi mú un dání. Òun náà ni kí ẹ fún ní èsì.

Màmá, wọ́n fẹ́ mú ọkọ mi lọ sínú òṣèlú.

Alhaji Gàfárù, alága ẹgbẹ́ wọn ní wọ́ọ̀dù wa, ló kó àwọn àgbà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Wọ́n jókòó. Mo gbé omi wá, wọn ò mu ún. Ìgbà tí mo rí i pé wọn ò mu omi ni àyà mi ti já. Alhaji ní, "Nojeem, a ti wò yíká, ìwọ la fẹ́ fà kalẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀. Ọmọ tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun, tí gbogbo ìyàwó Bẹyẹrúnká ń fi ìkòkò rẹ̀ se ọbẹ̀, ta ló máa bá a du ú?" Nojeem dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá." Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Ìbàdàn yìí, tí ọmọdé bá ti dọ̀bálẹ̀ tó sì dúpẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá wọn gbé àsíá kiri nígbà ìdìbò kan. Igò ni wọ́n fi là á lórí lẹ́yìn Mápó. Títí dòní, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Òun ni mò ń rí tí mo bá ti dijú.

Ẹ sì mọ iṣẹ́ Nojeem. Bí irin bá ti yọ́ nínú iná, kò sí ẹni tó lè ní kó dúró de òun. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ tó ti fi ìkòkò tẹ ojú sí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, bó bá yíjú wo ẹni tó ń pè é, ìkòkò yẹn ti lu nìyẹn. Báwo ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣe fẹ́ máa lọ sípàdé lọ́sàn-án gangan?

Mi ò tíì sọ fún un pé mi ò fẹ́. Lójú tèmi, inú rẹ̀ ń dùn sí i, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ìyàwó tó ń fa ọkọ sẹ́yìn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.

Ẹjọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ bá yín rò. Láti ìgbà Ràmàdáànì lẹ ti kúrò lọ́dọ̀ Bọ̀dá Zakariyya, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ kọ́kọ́ dé sí níbẹ̀. Ẹ ní ẹ ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ẹ ò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ẹ ò sọ ilé ẹni tí ẹ wà. Ọmọ yín ni mí, èmi kì í ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Karimat.


2 Oṣù Kẹwàá, 2023.

Karimat, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti irú tí o dì. Hájíà ní irú náà ti kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú irin kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọlọ́run á bá wa wo Waliyat. Sọ fún un pé èjìká bàbá ẹni kì í ṣe ẹran Iléyá.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ná, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ìlú kékeré kan ni mo wà létí odò, kò jìnnà sí Ghent. Ilé Ọ̀gá Florimond Daelkens ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń nu fèrèsé, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá, mò ń nu bàtà rẹ̀, mò ń gbọn eruku kúrò lára fìlà rẹ̀ gíga. Tí mo bá ti wọlé láàárọ̀, òun ni mo kọ́kọ́ ń kí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kí i. Ọmọ Kudeti lèmi, mi ò lè wọlé onílé kí n má kí i. Màá rọra kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Baba." Kì í dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù. Hilda tó ń bójú tó ilé náà rí mi lọ́jọ́ kan lórí ìkúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá ibi tó máa fara tì.

Hilda yìí náà ló máa ń sọ ìtàn Ọ̀gá fún àwọn àlejò. Tí mo bá ti ń nulẹ̀, etí mi ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo wá ka ìwé rẹ, mo kígbe. Ìkòkò ni Ọ̀gá fi dé ibi tó dé, Karimat! Ọmọ ẹni tó ń rọ ìṣó ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fẹ ẹwìrì fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó di géńdé, ó gba ilé kékeré kan létí odò, ó ń yọ́ irin, ó ń dà á sínú iyẹ̀pẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi ti Nojeem. Ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń ṣe, àti àdògán irin tí wọ́n fi ń yáná.

Ó fẹ́ Clara, ọmọ oníbúrẹ́dì. Clara ló ń yẹ ìkòkò wò. Ìka ló fi ń kàn án. Èyí tó bá dún bí agogo, wọn á gbé e lọ tà. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ̀, ó ti sán nínú nìyẹn, á ní kí wọ́n dá a padà sínú iná. Ọ̀gá kì í bá a jiyàn, kódà bí ìkòkò náà bá jọ ojúlówó. Bí wọ́n ṣe di ìlú mọ̀ọ́ká nìyẹn. Kò sí ìyá arúgbó kan lágbègbè yẹn tí kò ní ìkòkò Daelkens nílé. Ilé kékeré di ilé ìṣẹ́ ńlá, èéfín ń jáde níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn olóṣèlú wá bá a, bí Alhaji Gàfárù yín ṣe wá yìí náà, ó sì dé ilé aṣòfin ní Brussels.

Ìyókù gùn, omi tí mo fi ń nulẹ̀ sì ti ń tutù. Màá kọ ọ́ nígbà tí Hájíà bá tún wá. Ìmọ̀ràn mi ná nìyí: sọ fún ọkọ rẹ. Má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o máa bá èmi tí mo wà lókè òkun rojọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá.


Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
24 Oṣù Kẹwàá, 2023.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira. Waliyat ní ọ̀fìnkìn, ó ti ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi kí n tó kí yín dáadáa.

Bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin wo lẹ ń tẹ́?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ẹ ń nu bàtà rẹ̀, ẹ ní ojú rẹ̀ tutù. Màmá, ta ló ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ débi tó fi mọ̀ pé ó tutù? Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Bàbá ti kú, mi ò ní kí ẹ má lọ́kọ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tó ń bọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ìyàwó tó ń jẹ́ Clara yẹn, ṣé ó ṣì wà nílé? Ṣé inú rẹ̀ dùn sí gbogbo ìkúnlẹ̀ yìí?

Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Mò ń ka ìwé yín fún Nojeem bó ṣe ń jẹun. Inú rẹ̀ dùn sí ti ìka tí Clara fi ń kan ìkòkò, ó ní òun náà ń gbọ́ ọ. A ò mọ̀ pé Alhaji Gàfárù ti dúró lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ Brussels ló gbọ́, àti ọ̀gá, àti ilé aṣòfin. Ó kàn wọlé ni, kò kan ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Nojeem, o ní òyìnbó lẹ́yìn báyìí, o sì ń fi í pamọ́ fún wa?"

Nojeem ní, "Alhaji, ọ̀gá Màmá ni."

"Ọ̀gá Màmá! Ọ̀gá Màmá tó wà nílé aṣòfin òyìnbó, tó sì ń rọ ìkòkò bíi tìrẹ! Ọmọ yìí mà lóríire o!"

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè yín fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ọ̀gá yín ńkọ́?" Ẹ ní, "Ó wà níbẹ̀, ibo ló fẹ́ lọ?" Ó ní, "Ẹ bá wa kí wọn o." Ẹ ní, "Mo ti kí wọn láàárọ̀." Fóònù sì kú, nítorí n ò tíì rí iná gba agbára sí i. Alhaji dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ríran.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, Oyèdélé tó ń ta páàtì ọkọ̀ náà ń du ipò yẹn, mo sì ti ń gbàdúrà sílẹ̀ fún Oyèdélé. Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí mo dárúkọ rẹ̀ lórí ẹní ìkírun, ọkùnrin tí kò bá mi tan. Wọ́n ti ní kó gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ń bá lọ.

Ojoojúmọ́ nìpàdé. Nojeem á kó irin sínú iná, wọn á pè é, á ní kí àwọn ọmọṣẹ́ bá òun dà á. Ìyàwó kan gbé ìkòkò padà wá láti Ọjà'ba lọ́jọ́ Àlàmísì. Kò bú wa. Ó kàn bu omi sínú ìkòkò náà níwájú mi, omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, tó, tó, tó. Ó ní, "Ìyá Waliyat, ṣé ìkòkò káńsẹ́lọ̀ nìyí?"

Mo gbìyànjú bí ẹ ṣe wí. Mo ní, "Bàbá Waliyat, ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí ńkọ́?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ń lọ dáadáa." Èmi náà ní, "Inú mi dùn." Ẹnu mi ló sọ ọ́, Màmá. Èmi kọ́.

Ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá Florimond kó má tì í lẹ́yìn mọ́.

Karimat.


Bẹyẹrúnká.
20 Oṣù Kọkànlá, 2023.

Màmá,

Mo lọ bá Hájíà ní ìsọ̀ rẹ̀ lónìí, ó ní òun kò tíì lọ, ìwé mi ṣì wà nínú báàgì òun láti oṣù tó kọjá. Àìsàn ẹsẹ̀ ló dá a dúró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú aṣọ léèsì. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dandan. Mo wá fi èyí kún un.

Mo sá lọ sí Ọjà'ba lọ́jọ́ kan láti pè yín níbi tí ará ilé kankan kò ti ní gbọ́. Ẹ ń sọ pé, "Kí lo wí?" Èmi náà ń sọ pé, "Kí lẹ wí?" Ẹ̀rọ tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ni wọ́n máa fa Nojeem kalẹ̀ níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní dandan, kí Ọ̀gá Florimond bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí àwọn á ti rí ojú rẹ̀, kí ó wí fún ará Ìbàdàn pé òun mọ Nojeem. Wọ́n fẹ́ fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nojeem lórí pátákó ìpolongo. Alhaji Gàfárù tún ní kí n bá òun béèrè bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, torí agbádá òfì ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú aṣọ rẹ̀, ẹ bá wọn wọ̀n ọ́n.

Nojeem ti rù. Ó máa ń jókòó ti iná tí kò dá. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, ó ní oòrùn ni. Oòrùn wo, nínú ọyẹ́?

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Karimat.


3 Oṣù Kejìlá, 2023.

Karimat, ọmọ tí ẹ̀rín rẹ̀ fẹ́ pa ìyá rẹ̀,

Ìwé rẹ méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà. Mo kà wọ́n nídìí àtẹ̀gùn, mo sì jókòó síbẹ̀, mi ò lè dìde. Hilda sáré wá, ó rò pé mo ṣubú. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, òun náà jókòó. Àwọn àlejò kan wọlé, wọ́n bá obìnrin méjì lórí àtẹ̀gùn tí omi ń bọ́ lójú wọn.

Ọmọ mi, Ọ̀gá Florimond ti kú. Ọdún 1897 ló kú.

Bẹ́ẹ̀dì tí mò ń tẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sùn sórí rẹ̀. Bàtà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́. Ìlú ló ni ilé náà báyìí, wọ́n tọ́jú ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn èèyàn máa wá wo bí ó ṣe gbé ayé. Àwòrán rẹ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí, òun lojú rẹ̀ tutù. Clara wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì bínú sí mi.

Kí o má wá di ẹ̀bi náà rù mí o. Níbo la ti tọ́ ọ? Nílé wa ní Kudeti, ta ló ń sọ pé Baba tó dá ilé sílẹ̀ ti kú? Ṣebí "Baba ò fẹ́ ariwo," "Ẹ lọ sọ fún Baba," la máa ń wí, tí a sì ń tẹ́ ẹní sórí ibojì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ìyàwó tuntun kì í wọlé láì kí i. Bí mo ṣe ń ṣe níbí náà nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti sọ pé onílé, á yé ọ. Ó yé mi báyìí pé ilé òyìnbó ni o rò, o kò rò ó sí ilé tiwa. Nípa ọ̀rọ̀ ọkọ tí o sọ, mo ti gbọ́. Bí mo bá fẹ́ ẹ, màá wá ẹni tó lè dáhùn kíkí.

Mo fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo wá rántí àwọn tó máa tò sẹ́yìn fóònù. Ìwọ ló yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀, kí o sì mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ọ̀la ni Hájíà ń padà. Jẹ́ kí n yáa parí ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn olóṣèlú wá bá Ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́, ó sá wọ inú ilé ìṣẹ́, ó ní irin wà lórí iná. Ìgbà kejì, ó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà kẹta, wọ́n mú àlùfáà ìlú dání, àgbà tó rì í bọmi lọ́mọdé. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó ní ó dára. Nígbà ayé wọn, ẹni tó bá ń san owó orí tó pọ̀ nìkan ló ń dìbò, àwọn olówó bíi tirẹ̀ ló sì yàn án. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Brussels.

Òfin kan wá síwájú wọn níbẹ̀, pé kí àwọn ọmọ kéékèèké má ṣe ṣiṣẹ́ nílé ìṣẹ́ mọ́. Ẹni tó fẹ ẹwìrì ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Gbogbo ayé rò pé á sọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó má dábàá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìbò, Ọ̀gá dìde, ó jáde lọ mu kọfí. Nígbà tó fi máa padà wọlé, òfin náà ti ṣubú.

Nígbà tó darí wálé lọ́jọ́ Sátidé, ìkòkò ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún un ló kó o wá, ìkòkò Daelkens tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nílé wọn, wọ́n tò ó jọ títí ó fi dí ẹnu géètì. Wọn ò ju òkúta, wọn ò pariwo. Wọ́n dá a padà fún un ni. Ìdúró ni Ọ̀gá wà níta títí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ṣí ọ̀nà fún un.

Nígbà tí òfin náà tún padà wá, ó sọ̀rọ̀, ó sì dìbò pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ dùn láti padà sídìí irin, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ́ ò dúró dè é. Arákùnrin Clara tó fi sídìí rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ náà, Clara alára ti ń gba àlejò olóṣèlú ní Brussels, kò sẹ́ni tó ń kan ìkòkò mọ́. Àwọn èèyàn ti ń rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀gá lo ìyókù ayé rẹ̀ nídìí iná kékeré kan, òun àti ọmọṣẹ́ mélòó kan. Hilda ní ibẹ̀ ló ti láyọ̀ jù.

Ohun tó wá wọ̀ mí lára jù nìyí. Lẹ́yìn tó kú, Clara sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Èmi ò fẹ́ kó lọ nígbà náà. Mo rò pé òun ló ń fẹ́." Ọmọ náà ní, "Màmá, Bàbá ní ẹ̀yin lẹ ń fẹ́."

Karimat, o gbọ́.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá.

Mo fi fọ́tò àwòrán Ọ̀gá sínú ìwé yìí. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀.


Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
19 Oṣù Kejìlá, 2023.

Màmá mi, ìyá tó bí mi tó tún mí bí,

Ẹ kú ewu o. Alihamudulilahi. Mo jẹun yó lánàá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àwọn àgbà yẹn ti kọ omi wa. Ẹ fara balẹ̀ kí n tò ó fún yín bó ṣe lọ.

Nígbà tí mo ka ibi tí Ọ̀gá ti kú, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún, Waliyat ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ pe ẹnì kan. Mo gbé e pọ̀n, mo lọ bá Nojeem ní ìsọ̀. Mo dúró kó dà á tán. Mo ní kí àwọn ọmọṣẹ́ lọ jẹun. Mo wá ka ìwé náà fún un lórí ìdúró, láti òkè délẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀yin àti Hilda ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé ibi ìkòkò lẹ́nu géètì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Clara tán. Mo ká ìwé náà. Mo ní:

"Bàbá Waliyat, èmi náà ò fẹ́."

Ó ní, "O ò fẹ́ kí ni?"

"Káńsẹ́lọ̀. Mi ò fẹ́ ẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mò ń gbàdúrà kí Oyèdélé wọlé."

Màmá, ó jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó ti sẹ́, ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo ní inú rẹ dùn!"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ó ń lọ dáadáa!"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Mo rò pé o fẹ́ di ìyàwó ọlọ́lá. Èmi tí mi ò fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí kúrò nídìí iná, ó ń ṣe mí bí ẹni tó gbé ọmọ sílẹ̀ létí kànga."

A jọ wo ara wa. Ẹ̀rín tó pa wá, àwọn ọmọṣẹ́ ń yọjú láti òdìkejì títì.

Ó ní òun ò ní jẹ́ kó di ọjọ́ ìpàdé. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn náà, ó wẹ̀, ó wọ bùbá, ó kọjá sí iwájú ilé Alhaji Gàfárù. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà wà níbẹ̀ lórí búkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ńṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pátákó ìpolongo.

Nojeem ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀gá Florimond ti kú."

Gbogbo wọn ní, "Inna lillahi wa inna ilaehi rajiun." Alhaji Gàfárù fọwọ́ lérí. Ó ní, "Háà! Ọkùnrin rere! Ṣé ó ṣàìsàn ni?"

"Ọjọ́ ogbó ni, sà."

"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? A óò ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn."

"Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, sà."

Màmá, Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún. Nojeem fún wọn ní fọ́tò, ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́, pé ìyá Karimat ń kí onílé bí a ṣe ń kí tiwa. Bàbá àgbà kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ọmọ Kudeti mà ni ìyá yìí! Ó lọ kí òkú òyìnbó títí òkú òyìnbó fi fẹ́ wá bá wa dìbò!" Ẹlòmíràn ní agbádá ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ta ló máa wọ̀ ọ́? Ẹ̀rín bọ́ sí wọn lára, gbogbo wọn àyàfi Alhaji Gàfárù.

Alhaji ní, "Ó dáa. Òyìnbó kú. A ṣì lè fà ọ́ kalẹ̀. A ò ní sọ fún ará ìta."

Mo wo ẹ̀yìn orí Nojeem níbi tó ti dọ̀bálẹ̀. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mi ò fẹ́. Ọjọ́ tí ẹ wá gan-an ni mi ò ti fẹ́, ojú yín ni mi ò lè wò kí n sọ ọ́. Ìkòkò ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ré."

Mo rò pé Alhaji máa gbá a létí. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ irú òtítọ́ báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ lù ú. Bí a bá gbé e dé káńsù, kí lẹ rò pé á ṣẹ́ kù fún wa ní àṣírí? Ẹ pe Oyèdélé padà. Nojeem, dìde, máa lọ sídìí ìkòkò rẹ. Olóṣèlú kọ́ nìwọ."

Wọ́n bu omi fún wa. A mu ún.

Oyèdélé ni wọ́n fà kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Nojeem ò lọ, irin wà lórí iná.

Ẹ bá mi kí Hilda o. Ẹ sọ fún un pé àwọn kan mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnká báyìí, wọ́n sì ń bú ara wọn fi ṣeré: ẹni tó bá ti ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, wọn á ní Florimond ló ń dúró dè.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó kù kí n tó dákẹ́. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé Alhaji lọ́jọ́ yẹn, ara wa fúyẹ́, Nojeem gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e kọ́ ọrùn. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn dáadáa, mo wá ní, "Bàbá Waliyat, nígbà tí ẹnu ti ṣí, ṣé nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ ò fẹ́ tí ẹ ò sọ?"

Ó dúró láàárín ọ̀nà. Ó ronú. Ó ní, "Ìyá Waliyat, ilá tí o máa ń sè ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sè é, Màmá! Ó sì máa ń lá ìka!

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀,
Karimat.